Bí ọmọ Kétu ṣe lè lọ kọ́ èdè àti àṣà Jàpáànì ní yunifásítì

Ọmọ Kétu ní Benin tó bá ní èdè Jàpáànì lòun fẹ́ lọ kọ́ ní yunifásítì, àwọn ará ilé á kọ́kọ́ wò ó títí. Wọ́n á ní Faransé tó fi ṣe BAC, ìdánwò àṣekágbá girama, ńkọ́, ṣé ìyẹn ò tó ni? Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Yorùbá tó wà lẹ́nu yín ti gbé yín dé ìdajì ọ̀nà.

Ohùn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Tokyo, “ámè” ni òjò, “àmé” sì ni àdídùn. “Háshì” ni igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun, “hàshí” ni afárá. Ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ni tiwọn. Ẹni tó ti ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ láti kékeré kò ní sọnù síbẹ̀. Ẹ ra ìwé kan, kí ẹ máa fi àmì ohùn wa sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹ bá gbọ́. Ẹ fetí sí fáwẹ́lì tó gùn pẹ̀lú: “obasan” ni àǹtí, “obaasan” ni ìyá àgbà. Wọ́n sì ń pe ẹni tí wọn ò bá tan bẹ́ẹ̀, bí àwa náà ṣe ń ṣe.

Ìkíni ló dùn mọ́ mi jù. Ẹni tó ń jáde nílé á ní “itte kimasu”, ìyẹn ni pé mò ń lọ, mò ń bọ̀. Ó dàbọ̀ tiwa náà kọ́ nìyẹn? Níbi iṣẹ́, “otsukaresama” ni wọ́n fi ń kí ara wọn, ẹ kú iṣẹ́ gan-an ni. Ibi tó máa le ni ètò gbólóhùn. Àwa ń sọ pé a jẹ ìrẹsì; àwọn á ní “gohan o tabemasu”, ìrẹsì ṣáájú, jíjẹ gbẹ̀yìn. Ẹ máa sọ ọ́ sókè lójoojúmọ́ títí á fi mọ́ yín lẹ́nu.

Ní ti kíkọ, oríṣi àmì mẹ́ta ni wọ́n ń lò. Hiragana àti katakana dúró fún ìró, hiragana jẹ́ 46, katakana náà 46. Ẹ kọ́ márùn-ún lójúmọ́. Kanji, àmì tó dúró fún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, tí ìjọba wọn tò fún ìlò gbogbogbòò ní 2010 jẹ́ 2,136, nítorí náà ẹ má kánjú sí i. JLPT, ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí èèyàn ṣe gbọ́ èdè Jàpáànì tó, ní ìpele márùn-ún, N5 ló rọrùn jù.

Zomahoun Rufin, ọmọ Benin tó gbajúmọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Jàpáànì kó tó di aṣojú wa ní Tokyo, dá ilé-ẹ̀kọ́ èdè náà sílẹ̀ ní Kútọnu. Kútọnu náà ni ilé-iṣẹ́ aṣojú Jàpáànì wà. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ MEXT, ti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Jàpáànì, tó ń san owó ilé-ìwé, owó oṣù àti owó ọkọ̀ òfuurufú. Gẹ̀ẹ́sì tàbí èdè Jàpáànì ni wọ́n ń fẹ́ kí ìwé wà, nítorí náà ẹ tètè túmọ̀ èsì BAC yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kóun fi bá yín gba fọ́ọ̀mù, ẹ jìnnà sí i, ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn tó ń yan ẹni tó máa gba ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ náà á bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ ṣèwádìí. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ràn àṣà wọn, kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Lọ́dún 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa àti Noh, eré orí ìtàgé àtijọ́ ti Jàpáànì, pọ̀ nínú ogún ìran ènìyàn. Agọ̀ onígi ni méjèèjì ń lò, ọkùnrin ló sì ń jó bí obìnrin nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bí ọkùnrin ṣe ń ṣe obìnrin nínú Noh látijọ́. Kí ẹ tó kúrò ní Kétu, ẹ lọ jókòó ti àgbà tó ń gbẹ́ agọ̀. Ẹ bi í léèrè igi tó ń lò, ojú ta ló ń gbẹ́, àti orin tí wọ́n máa kọ sí i lóru Ẹ̀fẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé yẹn náà, pẹ̀lú àmì ohùn.