Kí ọdún tó parí, ẹ yẹ orúkọ inú fọ́ọ̀mù yín wò

Ẹ kú ọyẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Iṣẹ́ ìmọ̀ràn lórí owó ni mò ń ṣe, oṣù Ọ̀pẹ yìí sì ni ọ̀rọ̀ ìdílé máa ń gbà mí lọ́kàn jù: ìgbéyàwó níbí, ìsọmọlórúkọ lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ ń bọ̀ wálé láti Èkó àti ìlú òyìnbó.

Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wo orúkọ ẹni tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì yín, ẹni tí wọn yóò kàn sí nípa owó náà bí ẹ bá kú. Ọ̀pọ̀ ló kọ orúkọ ìyá wọn nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ àpọ́n. Ìyá ti lọ, ìyàwó ti dé, ọmọ ti di mẹ́ta, orúkọ ìyá ló ṣì wà níbẹ̀. Owó yẹn kì í ṣe kékeré: òfin Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ sínú owó ìfẹ̀yìntì, kí agbanisíṣẹ́ dá 10 sí i, ó kéré tán. Òfin yẹn náà ló ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tó tó ìlọ́po mẹ́ta owó iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún kan, ó kéré tán. Ẹ bi wọ́n níbi iṣẹ́ yín bóyá wọ́n ti rà á.

Ní ti owó olóògbé tó wà ní báǹkì, orúkọ inú fọ́ọ̀mù nìkan kò tó láti fi gbà á. Wọ́n máa ń béèrè ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún olóògbé, èyí tí ilé ẹjọ́ gíga ń fúnni, kì í sì í yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìwé ìhágún. Ẹ kó ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó àti ti ìbí àwọn ọmọ sójú kan, kí ẹ sì fi ibẹ̀ han ọkọ tàbí aya yín.