Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Ya Fíìmù ní Itẹ́ Òkú Àwọn Júù ní Warsaw

Ọdún 1806 ni wọ́n dá itẹ́ òkú àwọn Júù tó wà ní òpópónà Okopowa ní ìlú Warsaw, lórílẹ̀-èdè Pólàńdì, sílẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 33, igi àti ìtàkùn sì ti bo ọ̀pọ̀ ibẹ̀ débi pé ó máa ń wu àwọn tó ń ya fíìmù. Àṣìṣe tó bí gbogbo èyí tó kù ni kí olùdarí eré rí igbó náà, kí ó sì kà á sí ibi tí kò ní ẹni tó ni ín. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn Násì ilẹ̀ Jámánì pa àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ tí ì bá máa ro ibẹ̀, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ àwọn tí ebi àti àrùn pa nínú gẹ́tò Warsaw (àdúgbò tí àwọn Násì há àwọn Júù mọ́) pọ̀ sin sínú kòtò ńlá ní itẹ́ òkú yìí kan náà. Lójú tèmi, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ya eré iwin.

Ẹ má ṣe rò pé àṣẹ ìjọba ìlú nìkan ti tó, nítorí àwùjọ àwọn Júù Warsaw ló ń bójú tó ibẹ̀. Ẹ má sì fi iṣẹ́ sí ọjọ́ Sábáàtì, tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì títí di alẹ́ Sátidé. Kí àwọn ọkùnrin dé fìlà. Bí Júù kan tó jẹ́ ìran àlùfáà bá wà láàárín yín, ẹ má fi ipá mú un wọlé, nítorí òfin ìsìn rẹ̀ kà á léèwọ̀.

Òkúta orí ibojì ni wọ́n máa ń bà jẹ́ jù. Bí ẹ bá fa ìtàkùn tó ti dì mọ́ òkúta tu, ojú òkúta náà lè ṣí, kí lẹ́tà Hébérù tó wà lára rẹ̀ sì bá a lọ. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún kí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lè hàn. Ẹ fi dígí darí ìmọ́lẹ̀ sí i láti ẹ̀gbẹ́, òjìji yóò sì gbé lẹ́tà náà yọ dáadáa fún kámẹ́rà. Ẹ má gbé iná tàbí ẹsẹ̀ kámẹ́rà ti òkúta tó ti dagun, ẹ má sì gbá òkúta wẹ́wẹ́ orí ibojì dànù, nítorí àwọn tó wá bẹ òkú wò ló fi wọ́n síbẹ̀. Ẹ má kan èèkàn mọ́lẹ̀ níbi tó dà bíi pé ó ṣófo: òkúta ibojì lè ti sọnù, àmọ́ òkú wà lábẹ́ rẹ̀, òfin àwọn Júù kò sì fàyè gba kí a da òkú láàmú.

Kò sóhun tó burú bí ibojì Ludwik Zamenhof, ẹni tó dá èdè Esperanto sílẹ̀, bá hàn nínú fíìmù nípa ìgbésí ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìran ìpànìyàn bá wà nínú eré yín, ẹ lọ kọ́ itẹ́ òkú àfọwọ́ṣe síbòmíràn, kí àwọn ẹbí tó ṣẹ́ kù ní Ísírẹ́lì tàbí Amẹ́ríkà má baà ṣàdédé rí orúkọ baba ńlá wọn níbẹ̀.