Bẹ́ ẹ ṣe máa lúwẹ̀ẹ́ nínú kúárì tómi ti kún láì fẹ̀mí wewu

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní UK, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí fọ́tò Blue Lagoon ní Abereiddy, ní Wales. Kúárì ni tẹ́lẹ̀ o, òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé ni wọ́n ń wà níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n pa á tì ni wọ́n la ọ̀nà fún omi òkun láti wọlé, ó sì jìn tó mítà 25.

Ẹ má fi àwọ̀ omi díwọ̀n nǹkan kan. Kúárì kan wà ní Harpur Hill, nítòsí Buxton, omi ẹ̀ búlúù gan-an, àmọ́ pH ẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bóyá nǹkan jẹ́ ásíìdì tàbí òdìkejì ẹ̀, tó 11.3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti bleach, ó lè bó èèyàn lára, wọ́n gbé pátákó ìkìlọ̀ síbẹ̀ títí, àwọn èèyàn ò gbọ́, kí káńsù tó da àwọ̀ dúdú sínú ẹ̀ lọ́dún 2013. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ni ibẹ̀ àti bóyá wọ́n gbà káwọn èèyàn wẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ibi tí wọ́n ti ń gbowó tí wọ́n sì ń ṣọ́ni, bíi Vobster Quay ní Somerset, ni kẹ́ ẹ lọ. Ní Abereiddy, tí àwọn seal, ìyẹn ẹranko inú òkun kan, bá ń bímọ nígbà ọ́tọ́ọ̀mù, ẹ fi omi sílẹ̀ fún wọn.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ibi tẹ́ ẹ máa gbà jáde ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, torí etí kúárì ò rí bí etí òkun, ìṣísẹ̀ méjì péré, ẹsẹ̀ ò ní kanlẹ̀ mọ́. Ẹ má dá lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ́ wọlé! Òkè omi nìkan ni oòrùn ń mú gbóná, ìsàlẹ̀ tutù rinrin, òtútù yẹn ló máa ń gba èémí lójijì, tí orí bá wà lábẹ́ omi lásìkò yẹn, omi lẹ máa fà símú. Ẹ rọra wọlé, ẹ dúró títí èémí á fi balẹ̀. Tó bá ká yín mọ́, ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí etí wọnú omi, ẹ na apá, ẹ má jà, kí èémí kọ́kọ́ balẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó wẹ̀ tàbí kígbe.

Ẹ jáde kó tó di pé ẹ ń gbọ̀n. Ara ṣì máa ń tutù sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá jáde, torí náà ẹ bọ́ aṣọ tútù kíá, ẹ wọ súẹ́tà àti fìlà, ẹ mu tíì, ẹ má tíì wa mọ́tò.

Tẹ́nì kan bá ń rì, ẹ má bẹ́ tẹ̀ lé e, ẹ ju okùn tàbí ohun tó ń léfòó sí i, kẹ́ ẹ pe 999: létí òkun, ẹ ní Coastguard, ìyẹn àwọn tó ń dóòlà ẹ̀mí lójú òkun, lẹ fẹ́, tó bá jẹ́ ibi tó jìnnà sókun, panápaná ni.