Bí A Ṣe Ń Yẹ Headspace Ìbọn Wò: Ẹ Má Fi Agbára Ti Bolt

Ní pápá ìyìnbọn tí mo máa ń lọ ní Texas, mo ti rí ohun kan náà ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Ẹnì kan á ra ìbọn ogun àtijọ́, tàbí kó pààrọ̀ bolt ìbọn ọdẹ rẹ̀, ìyẹn irin tó ń dí ẹ̀yìn ọta pa. Á ki géèjì, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń wọn àyè náà, bọ ilé ọta, ibi tí ọta ń gbé, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọwọ́ bolt wálẹ̀, á ní, “Ó ti tì, ó dáa.” Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ burú ju kí wọ́n má ṣe é rárá lọ, nítorí ó ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ lórí ohun tí kò dájú.

Headspace ni àyè tó wà láàárín ojú bolt, níbi tí ìdí ọta fẹ̀yìn tì, àti ibi tí ilé ọta ti ń dá ọta dúró kó má wọlé jù. Ní ọta .308 Winchester, èjìká ọta ló ń dá a dúró, ní ọta .303 British ti Lee-Enfield, ìbọn àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, etí tó yí ìdí ọta ká ni. Àwọn bàbá wa tó ń fi ṣakabùlà ṣọdẹ kò ní wàhálà yìí, torí ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù sí i. Bí àyè náà bá fẹ̀ jù, iwájú kòròfo, ìyẹn idẹ tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ìdí rẹ̀ á sún sẹ́yìn lọ bá bolt, idẹ á sì máa nà láàárín méjèèjì títí yóò fi já. Agbára gáàsì inú .308 lè tó 62,000 psi, ìyẹn pọ́n-ùn lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Bí kòròfo bá já, ẹ̀yìn ni gáàsì yẹn ń gbà jáde, ojú ẹni tó di ìbọn mú ló sì kọjú sí.

Géèjì mẹ́ta ló wà: GO, NO-GO àti FIELD. Ti .308 jẹ́ íǹṣì 1.630, 1.634 àti 1.638. Ẹ ra gbogbo wọn lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan náà, torí ìwọ̀n wọn lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Bí owó ò bá tó, GO àti NO-GO ni kí ẹ rà fún ọ̀pá ìbọn tuntun; fún ìbọn àlòkù, FIELD ni èmi máa ń kọ́kọ́ rà.

Ẹ tú gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, ẹ fi ojú wò ó, ẹ tún fi ìka tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ilé ọta, ojú bolt àti eyín bolt títí wọn yóò fi gbẹ, kí òróró kankan má kù níbẹ̀. Ọ̀rá tí àwọn ológun fi ń pa ìbọn mọ́ máa ń gan sínú ihò. Kẹrosíìnì lásán ń tú u, ẹ má wulẹ̀ náwó sórí oògùn olówó gọbọi.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ wá nìyí: ẹ tú bolt kí ẹ tó fi géèjì kàn án. Ẹ yọ firing pin, ìyẹn abẹ́rẹ́ tó ń gbá ìdí ọta kó lè gbiná, àti sípíríǹgì rẹ̀. Ẹ yọ ejector, ìyẹn ọ̀pá kékeré tó ń ti kòròfo jáde láti ojú bolt. Bí wọ́n bá wà níbẹ̀, sípíríǹgì wọn ni ẹ ó máa bá jà. Ọwọ́ yín ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti sípíríǹgì yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti géèjì. Inú àpò náílọ́nù ńlá tó mọ́ gaara ni mo ti ń yọ ejector, torí sípíríǹgì rẹ̀ máa ń fò lọ bí eégbọn. Bí èékánná tó ń fa kòròfo jáde ò bá ṣeé yọ, ẹ kọ́kọ́ ki etí géèjì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó ti bolt síwájú.

Ẹ wá ti bolt òfìfo náà láìsí géèjì. Ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí kò bá wálẹ̀, ìdọ̀tí ṣì wà níbì kan, ẹ padà lọ fọ ọ́.

Fún géèjì, ìka méjì ni kí ẹ lò, àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá. Ibi tí ẹ bá ti kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan kọ̀, ẹ dúró níbẹ̀. Mo tún un sọ: ẹ dúró níbẹ̀. Eyín bolt dà bí ojú skúrù. Títì kékeré tí ọwọ́ ń tì í, agbára ńlá ló ń dà ní iwájú. Irin líle ni géèjì, kì í tẹ̀. Èjìká ilé ọta ló máa farapa, ìbọn tó dáa láàárọ̀ á wá di èyí tó fẹ̀ jù lọ́sàn-án. Mo ti rí ẹni tó ṣe é báyìí sí ìbọn bàbá rẹ̀. Ó dùn mí.

Bolt gbọ́dọ̀ tì lórí GO. Bí kò bá tì, àyè ti kéré jù, ẹ má yìn ín. Bolt ìbọn tuntun kò gbọ́dọ̀ tì lórí NO-GO. Àlòkù tó bá tì lórí NO-GO ṣùgbọ́n tó kọ FIELD ti jẹ díẹ̀, ó ṣì ṣeé lò, kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Bó bá tì lórí FIELD, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ ìbọn.

Ẹni tó ní GO ti .308 nìkan lè fi sẹ́lótéèpù ṣe ẹ̀dà NO-GO rẹ̀. Ewé kan sábà máa ń tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì, àmọ́ ẹ fi máíkírómítà wọn ti yín. Ẹ lẹ ewé méjì mọ́ ìdí GO, kí ẹ gé etí rẹ̀ yípo. Téèpù máa ń tẹ̀, nítorí náà bí bolt bá tì lórí rẹ̀, ẹ lọ yá géèjì gidi kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ọta tó ní ẹ̀tù nínú kì í ṣe géèjì láé.

Lee-Enfield No. 4 rọrùn díẹ̀. Orí bolt rẹ̀ ṣeé tú, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí i, láti 0 dé 3. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga sábà máa ń gùn jù. Íǹṣì 0.064 ni GO rẹ̀, 0.074 sì ni òpin tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì gbà. Bó bá tì lórí 0.074, ẹ fi orí tó gùn jù sí i, ẹ tún un wọ̀n. Géèjì ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà ara irin, torí orí méjì tó ní nọ́ńbà kan náà lè má gùn bákan náà.

Lẹ́yìn tí ẹ bá yìn ín, ẹ wo kòròfo. Bí òrùka tó ń dán bá yí i ká lókè ìdí rẹ̀ díẹ̀, ẹ na pín ìwé, ẹ tẹ orí rẹ̀ kọdọrọ, kí ẹ fi ha inú kòròfo láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Bí orí rẹ̀ bá kọ́ sí kòtò kan níbi òrùka yẹn, idẹ ti ń já nìyẹn. Ẹ kó gbogbo kòròfo tí ẹ ti jọ yìn nù, kí ẹ sì tún gbé géèjì.