Ilẹ̀kùn òsì ló là mí lójú: bọ́dì fáíbà àbí bọ́dì irin?

Owó tí mo rò pé mo fi pamọ́ nígbà tí mo ra bọ́dì ọkọ̀ tí wọ́n fi fáíbà ṣe, ìyẹn òwú gíláàsì tí wọ́n fi oje kẹ́míkà dì kó le, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló gbà á padà lọ́wọ́ mi, ó sì gba èlé lé e. Ẹni tó bá ń múra àtikọ́ hot rod, ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tún kọ́ kó lè sáré, tójú rẹ̀ ń lọ sókè sódò láàárín fáíbà àti irin, kó kọ́kọ́ gbọ́ tèmi kó tó tú àpò.

Ford 1932 ni mo fẹ́ kọ́, roadster, ọkọ̀ aláìlórùlé, èyí táwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Deuce. Ọdún yẹn ni Ford gbé ẹ́ńjìnnì V8, onísílíńdà mẹ́jọ, sínú ọkọ̀ tí mẹ̀kúnnù lè rà, agbára ẹṣin 65, àwọn ọ̀dọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u kí ó lè túbọ̀ sáré. Ojúlówó bọ́dì rẹ̀ ti di ohun tá à ń fi àtùpà wá, èyí téèyàn bá sì rí, ó ti dógùn-ún débi pé ọwọ́ lè la ibẹ̀ kọjá. Ìyẹn ló sọ wá di oníbọ́dì àfarawé. Ọ̀nà méjì ló wà: irin tuntun tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ kó rí bíi ti ìgbà yẹn, tàbí fáíbà tí wọ́n fi rẹ́sìn, oje kẹ́míkà tó ń gan yẹn, tẹ́ sínú mọ́ọ̀dù.

Irin tí mo béèrè, owó rẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti fáíbà lọ. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwíjàre. Fáíbà kì í dógùn-ún. Fáíbà fúyẹ́. Corvette tí Chevrolet gbé jáde ní 1953, ṣebí fáíbà ni bọ́dì rẹ̀? Ohun tó dáa fún Chevrolet, kí ló dé tí kò ní dáa fún mi? Mi ò rántí pé Chevrolet ní ẹ̀ńjíníà tó ń ṣírò ibi tí ẹrù yóò sinmi lé. Èmi, ṣípánà ni mo ní.

Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ṣáàsì (férémù irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀), bíréèkì, ẹ́ńjìnnì àti gíà. Ẹni tó bá ti tú ọkọ̀ tó sì tò ó padà rí mọ̀ ọ́n. Oṣù méjì ni mo fi ṣe gbogbo ìyẹn, inú mi sì dùn sí ara mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Bọ́dì dé, ó ń dán. Mo gbé e lé orí ẹsẹ̀ igi mẹ́rin, mo de ilẹ̀kùn méjèèjì mọ́ ọn, àlàfo etí wọn sì jẹ́ mìlímítà 5 yíká. Mo pe àwọn èèyàn wá wò ó. Mo tilẹ̀ ti kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ti kọ́ irú ọkọ̀ yìí mẹ́ta wò ó títí, kò yìn ín, kò bú u. Ó kàn bi mí pé, “Àbúrò, ṣé o ti gbé e lé orí ṣáàsì tí ẹ́ńjìnnì wà lára rẹ̀?” Mo ní, “Rárá o, ẹ̀gbọ́n, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.” Ó ní, “Ó dáa. Tó o bá gbé e sí i tán, kó o wá sọ fún mi.” Ó sì lọ.

Mo gbé e sí i, mo fún àwọn bóòtù. Ilẹ̀kùn ọ̀tún padé. Tòsì kọ̀. Àlàfo rẹ̀ lókè lẹ́yìn fẹ̀ tó mìlímítà 9, ìsàlẹ̀ sì ń ha ara bọ́dì. Mo rò pé híńjì ni. Mo tú híńjì, mo yí i, mo fún un padà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, bóòtù híńjì fa fáíbà ya mọ́ra, nítorí kò sí páànù irin kankan lẹ́yìn ibẹ̀ tó lè gbà á mú. Híńjì ọkọ̀, inú fáíbà lásán ni wọ́n fi í sí! Ẹni tó tà á fún mi kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ò sì yọjú wo inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti híńjì rárá. Fáíbà kò ní egungun. Ibi tí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá tẹ̀ sí ló ń tẹ̀ sí. Orí ẹsẹ̀ igi, ó jókòó bí ọba. Orí ṣáàsì, tí apá kan fi díẹ̀ ga ju èkejì, bí mo ṣe ń fún bóòtù ni mo ń lọ́ bọ́dì lọ́rùn. Roadster tún wá burú jù, torí kò ní òrùlé tí yóò di òkè rẹ̀ mú.

Mo sọ bọ́dì kalẹ̀. Mo gé páìpù irin oníhà mẹ́rin, mo to egungun fún un láti iwájú dé òpó ilẹ̀kùn títí dé ìdí ìjókòó. Mo jẹ́ aláìnísùúrù, mo fi iná wẹ́ẹ̀dì jó oríkèé kan pọ̀ nígbà tí páìpù ti wà nínú bọ́dì, iná mú rẹ́sìn, ara ìta wú bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi ọjọ́ mẹ́rin tún ibẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo ha inú bọ́dì títí tí dídán rẹ̀ fi lọ, torí rẹ́sìn tuntun kì í di ibi tó ń dán mú, mo wá fi aṣọ fáíbà àti rẹ́sìn lẹ egungun náà mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan bo imú, ẹ wọ aṣọ tó bo apá. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń họra bí ẹni tó sùn sórí èèsìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo ti rọ́bà àti páànù fẹ́ẹ́rẹ́ sí abẹ́ ibi tí bọ́dì kò ti kan ṣáàsì dáadáa, mo fún bóòtù díẹ̀díẹ̀, ilẹ̀kùn ní títì. Etí ilẹ̀kùn tó kù díẹ̀ káàtó, rẹ́sìn àti fáíbà ni mo fi kún un, kì í ṣe pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀. Pọ́tì létí ilẹ̀kùn kì í pẹ́ tó fi ń bó. Ọ̀sẹ̀ 7 gbáko ni ilẹ̀kùn kan gbà. Ó ń padé báyìí pẹ̀lú ìka kan, ẹ gbọ́ ìró rẹ̀, kó! Mo ṣì máa ń lọ ṣí i kí n lè tì í.

Ti iná kò tó ilẹ̀kùn, àmọ́ ó bí mi nínú: fáíbà kì í gbé iná. Mo de iná ẹ̀yìn mọ́ bọ́dì, kò tàn. Wáyà nẹ́gétíìfù ni mo tún wá fà láti ara gílóòbù kọ̀ọ̀kan dé ṣáàsì.

Nígbà tí irin àti rẹ́sìn wọ inú rẹ̀ tán, fífúyẹ́ tí mo torí rẹ̀ rà á ti lọ. Mi ò sọ pé irin kò ní wàhálà; ọ̀rẹ́ mi tó ra tirẹ̀ fi wẹ́ẹ̀dì jó o, ó lù ú, ó fi pọ́tì sí i, ojoojúmọ́ ló sì ń bẹ̀rù ọ̀rinrin. Ṣùgbọ́n òpó ilẹ̀kùn tirẹ̀ kò lọ síbì kankan. Bí mo bá tún kọ́ roadster, irin ni mo máa rà. Tó bá jẹ́ fáíbà lagbára yín ká, ẹ ra èyí tí wọ́n ti fi egungun irin sínú rẹ̀, tí ilẹ̀kùn ti wà lára rẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì látòde kẹ́ ẹ wo inú: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti là á kọjá ju ibi yòókù lọ, ibẹ̀ ló fẹ́lẹ́. Tó bá ṣì ń rùn rẹ́sìn gan-an, kò tíì gan tán. Ẹ má kùn ún.

Láàárọ̀ àná, mo rí ìlà kan tó tín-ín-rín nínú ọ̀dà, ní ìgun ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn òsì. Mi ò tíì sọ fún ẹ̀gbọ́n.