Bí Búlọ́ọ̀gù Tuntun Ṣe Lè Ní Òǹkàwé, Kí Ó sì Mú Owó Wọlé

Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá búlọ́ọ̀gù, ìyẹn ìkànnì tí ènìyàn ti ń kọ àpilẹ̀kọ fún àwọn ẹlòmíràn láti kà, sílẹ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè iye owó tí ó wà níbẹ̀, nígbà tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè ẹni tí yóò ka ohun tí òun ń kọ àti ohun tí ẹni náà ń wá. Gbogbo ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé lórí búlọ́ọ̀gù, ì báà jẹ́ ìpolówó ọjà, ì báà jẹ́ títọ́ka sí ọjà ọlọ́jà tàbí títa ọjà ara ẹni, orí òǹkàwé ni ó dúró lé, òǹkàwé kì í sì í padà síbi tí kò ti rí ohun tí ó ń wá.

Ẹ yan ẹ̀ka kan tí ẹ mọ̀ dunjú, kí ẹ má sì bẹ̀rù pé ó ti kéré jù. Ẹni tí ó kọ nípa òṣèlú lónìí, tí ó kọ nípa bọ́ọ̀lù lọ́la, tí ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ ìlera lọ́túnla, kò ní í ní òǹkàwé kan tí yóò lè sọ pé ibẹ̀ ni òun máa ń lọ bí òun bá fẹ́ mọ nǹkan kan pàtó. Ká ní iṣẹ́ aṣọ rírán ni ẹ mọ̀. Aṣọ rírán lápapọ̀ gbòòrò jù fún ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ìkànnì ńláńlá ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀gù tí ó wà fún kìkì àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ ìránṣọ, tí wọ́n ń dá kọ́ ọ nílé, ní àwọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn gbọ̀ngbọ̀n. Àpẹẹrẹ yìí ni n ó máa lò bí a ṣe ń lọ.

Ibi tí ẹ ó gbé e kalẹ̀ sí kò yẹ kí ó gba àkókò yín púpọ̀. Blogger, tí ó ti wà láti ọdún 1999 tí Google sì rà ní 2003, jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì ṣòro fún ẹni tí kò mọ̀ púpọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. WordPress, tí ó jáde ní 2003, pín sí ọ̀nà méjì: ẹ lè forúkọ sílẹ̀ lórí WordPress.com kí wọ́n máa bá yín bójú tó o, tàbí kí ẹ gba ètò ọ̀fẹ́ rẹ̀ lórí WordPress.org, kí ẹ sì máa sanwó fún ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà á sórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ra orúkọ ìkànnì tiyín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ń lo àdírẹ́sì ọ̀fẹ́ tí Blogger ń fúnni, tí ó parí sí blogspot.com, dà bí ayálégbé: bí ó bá kó lọ, àwọn tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n síbẹ̀ àti gbogbo líǹkì, ìyẹn ìtọ́ka tí a ń tẹ̀ kí ojú ìwé kan lè ṣí, tí àwọn ẹlòmíràn ti fi tọ́ka sí i lè já dànù. Orúkọ tí ẹ fowó ara yín rà yóò bá yín lọ síbikíbi.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni wíwá ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn. Ẹ ṣí Google, ẹ tẹ ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan síbẹ̀, irú bí “kí ló dé tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi”, kí ẹ wá wo àwọn ọ̀rọ̀ tí Google fúnra rẹ̀ fẹ́ fi parí rẹ̀, nítorí inú ohun tí àwọn ènìyàn ti ń wá tẹ́lẹ̀ ni ó ti ń mú wọn. Àkọlé bí “Ìwúlò Ẹ̀rọ Ìránṣọ” kò dáhùn ìbéèrè ẹnikẹ́ni, bí ó ti wù kí ẹ kọ ọ́ dáadáa tó. “Ìdí Tí Òwú Ẹ̀rọ Ìránṣọ Fi Ń Já” ní ẹni tí ń wá a lójú méjèèjì: ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, aṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, inú ti ń bí i, ó sì ti mú fóònù rẹ̀ jáde.

Ẹni yẹn ni kí ẹ kọ ọ́ fún, kí ìdáhùn sì wà nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Kí ó yọ òwú náà kúrò pátápátá, kí ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, kí ó sì tún òwú fà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ṣì ń já, kí ó pààrọ̀ abẹ́rẹ́, torí pé abẹ́rẹ́ tí ó ti wọ́, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, lè máa já òwú. Bí kò bá tíì dáwọ́ dúró, kí ó dẹ òwú òkè díẹ̀, nítorí ó lè ti le jù. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá ṣàlàyé ìdí kọ̀ọ̀kan lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, pẹ̀lú àwòrán abẹ́rẹ́ tí ó wọ́, tí ẹ fi fóònù yín yà. Mo gbà pé ẹni tí ó bá rí ìdáhùn kíákíá ni ó máa ń ní sùúrù láti ka ìyókù; ẹni tí ẹ bá fi ìtàn gígùn dá dúró yóò jáde lọ síbòmíràn.

Ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kọ, kí ẹ má sì fi ẹ̀rọ tí ń dá kọ̀wé tú àpilẹ̀kọ rẹpẹtẹ jáde. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Google kéde òfin tí ó dojú kọ àwọn ìkànnì tí ń kó àpilẹ̀kọ jọ lọ́pọ̀ yanturu nítorí àtirí ipò nínú èsì ìwárí, yálà ènìyàn ni ó kọ wọ́n tàbí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá mú àwòrán láti Wikimedia Commons, ìyẹn àkójọ àwòrán ọ̀fẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ka àdéhùn tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó béèrè pé kí ẹ dárúkọ ẹni tí ó yà á. Ẹ sì dín ìwúwo àwòrán kù kí ẹ tó gbé e sókè, kí ojú ìwé yín lè tètè ṣí.

Irinṣẹ́ tí mo kà sí pàtàkì jù lọ, tí ọ̀pọ̀ ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ kì í sì í fọwọ́ kàn, ni Google Search Console. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó fi hàn pé ẹ̀yin ni ẹ ni ìkànnì náà, ẹ ó fi sitemap rẹ̀, ìyẹn àkójọ àwọn ojú ìwé yín, ránṣẹ́, bí àkókò sì ti ń lọ, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí àpilẹ̀kọ yín tó fojú hàn, iye ìgbà tí ó fojú hàn, iye ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, àti ipò tí ó wà láàárín àwọn èsì. Ẹ wá àwọn ọ̀rọ̀ tí ipò yín lórí wọn wà láàárín 8 sí 20. Google ti rí i pé ọ̀rọ̀ yín kan ìbéèrè náà. Ó kù kí ẹ dáhùn rẹ̀ dáadáa ju àwọn tí ó wà níwájú lọ.

Ká ní ẹ rí i pé àpilẹ̀kọ lórí òwú tí ń já ń fojú hàn fún àwọn tí ń béèrè abẹ́rẹ́ tí ó yẹ aṣọ jíìnsì, bẹ́ẹ̀ ẹ kò sọ ju gbólóhùn kan lọ nípa rẹ̀. Àwọn òǹkàwé ti sọ àpilẹ̀kọ tí ó kàn fún yín nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀: abẹ́rẹ́ 70/10 wà fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 90/14 fún aṣọ tí kò nípọn jù, 100/16 fún jíìnsì. Kí ẹ wá fi líǹkì so àpilẹ̀kọ méjèèjì pọ̀. Ó lè gba oṣù mélòó kan kí ìkànnì tuntun tó rí ipò mú, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ mú ọkàn yín rẹ̀wẹ̀sì.

Facebook àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wúlò, bí ó bá jẹ́ pé ẹ ń dáhùn ìbéèrè àwọn ènìyàn níbẹ̀ tọkàntọkàn, tí ẹ kò kàn ń da líǹkì sílẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Síbẹ̀, ohun tí ẹ bá gbé síbẹ̀ kì í pẹ́ rá mọ́ àwọn ènìyàn lójú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti máa gba àdírẹ́sì ímeèlì àwọn tí ó bá fẹ́ máa gbọ́ láti ọ̀dọ̀ yín, nítorí àkójọ yẹn kò sí lábẹ́ àṣẹ Google tàbí Facebook.

Ní ti owó, ìpolówó ọjà ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń rò. Google AdSense, ètò tí Google fi ń gbé ìpolówó sórí ìkànnì àwọn ènìyàn, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2003, kì í sanwó títí owó yín yóò fi pé 100 dọ́là. Bí ó bá sì dé 10 dọ́là, wọn yóò fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ilé yín nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ láti fi mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹ ń gbé lóòótọ́. Ó ní àkójọ àwọn èdè tí ó ń gbà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ ìpolówó orí ìkànnì ara yín láé, kí ẹ má sì bẹ ọ̀rẹ́ pé kí ó bá yín tẹ̀ ẹ́, nítorí wọ́n lè ti àkáǹtì yín pa lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: bí ìpolówó bá ń mú dọ́là 2 wá lórí ìwò 1,000, ìyẹn ìgbà 1,000 tí àwọn ènìyàn ṣí ojú ìwé yín, ìwò 50,000 ni yóò pé 100 dọ́là. Ìdí nìyí tí n kò fi gba ẹni tí òǹkàwé rẹ̀ ṣì kéré níyànjú pé kí ó fi ìpolówó kún ojú ìwé rẹ̀.

Títọ́ka sí ọjà ọlọ́jà lè tètè mú owó wá ju ìyẹn lọ: òǹkàwé ra ọjà láti orí líǹkì yín, ẹni tí ó ta ọjà sì fún yín ní ìpín díẹ̀ láìfi kún iye tí òǹkàwé san. Amazon Associates, ètò ilé-ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì Amazon, ti ń ṣe èyí láti 1996. Ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mú títà mẹ́ta wọlé láàárín ọjọ́ 180. Ibi tí òǹkàwé ti fẹ́ ra nǹkan ni kí líǹkì wà, nínú àpilẹ̀kọ lórí abẹ́rẹ́ jíìnsì, kì í ṣe ní gbogbo ìpínrọ̀. Ẹ tọ́ka sí kìkì ohun tí ẹ ti lò, kí ẹ sì kọ ọ́ kedere lókè pé ẹ ó rí owó gbà níbẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sanwó kí ẹ kọ̀wé nípa ọjà rẹ̀, ẹ sọ ọ́ bákan náà, kí ẹ sì fi àmì sponsored, tí ń sọ fún Google pé wọ́n sanwó fún un, sí líǹkì náà bí Google ṣe béèrè.

Èyí tí mo fọkàn tán jù ni ọjà ti ara yín. Ìbéèrè tí ó bá ń wọlé lemọ́lemọ́ nípasẹ̀ ímeèlì, tí àpilẹ̀kọ kan kò lè tán, ni ẹ lè sọ di ìwé kékeré tàbí ẹ̀kọ́ tí ẹ ó máa kọ́ àwọn ènìyàn lórí fóònù. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó wà nínú àkójọ ímeèlì yín bóyá wọn yóò rà á, kí ẹ tó jókòó kọ ọ́.

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ padà sórí Search Console. Àpilẹ̀kọ tí ìmọ̀ inú rẹ̀ bá ti gbó, ẹ tún un ṣe. Méjì tí wọ́n bá ń dáhùn ìbéèrè kan náà, ẹ pa wọ́n pọ̀ sí ọ̀kan, kí ẹ sì darí àdírẹ́sì èyí tí ẹ yọ kúrò sí èyí tí ó kù, kí ẹni tí ó bá tẹ líǹkì àtijọ́ lè bá ìdáhùn rẹ̀ níbẹ̀.