Kí wọ́n tó fi òtútù tàbí laser mú kókó ara yín kúrò

Nọ́ọ̀sì ni mí ní yàrá ìtọ́jú àwọ̀ ara. Èmi ni mo máa ń bu nitrogen olómi, òtútù tí a fi ń pa kókó ara, sínú fúláàsì. Ìwọ̀n 196 Celsius ló fi tutù kọjá òdo, síbẹ̀ ó ń yọ èéfín funfun bí ìkòkò tó ń hó. Ìyá kan rí i, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ fẹ́ sè mí ni?"

Ẹ jẹ́ kí dókítà àwọ̀ ara sọ ohun tí kókó náà jẹ́ ná, torí ohun tí a bá ti jó dànù kò ṣeé gbé lọ fún àyẹ̀wò mọ́. Èyí tó ń tóbi sí i, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí ilà dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lábẹ́ èékánná, kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ wò. Abẹ́ èékánná ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ tó pa Bob Marley ní 1981 ti bẹ̀rẹ̀.

Fún àwa aláwọ̀ dúdú, àbàwọ́n funfun ni mo ń bẹ̀rù ju ìrora lọ. Ohun tó ń mú àwọ̀ dúdú kì í fara da òtútù. Òun ló máa ń kọ́kọ́ kú. Nítorí náà, àwọn kókó dúdú wẹ́wẹ́ tó máa ń pọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ àwọn ìyá wa, èmi kì í fẹ́ kí wọ́n fọ́n òtútù sí i. Tó bá jẹ́ laser ni, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ alágbára tó ń jó kókó, ẹ bèèrè irú rẹ̀: èyí tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG 1064 (nọ́ńbà yẹn ni gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní nanometer) rọrùn fún àwọ̀ dúdú ju púpọ̀ nínú àwọn yòókù lọ. Kí wọ́n dán an wò lójú kan tó fara sin, kí wọ́n sì dúró wo bó ṣe máa rí. Bí àpá bá máa ń wú lára yín tàbí lára ẹbí yín, ẹ tètè sọ.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá ṣe é, ẹ má kun ìpara kankan. Tó bá jẹ́ kókó àtẹ́lẹsẹ̀, màá kọ́kọ́ fi abẹ ha á, kí n tó fọ́n òtútù sí i fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Ó máa ń ta bí ata. Ìgbà tó bá ń yọ́ ni ìrora rẹ̀ tún máa ń pọ̀ jù. Laser ní tirẹ̀ máa ń rùn bí irun tó jó, ẹ ò sì gbọdọ̀ bọ́ gíláàsì ojú tí wọ́n bá fún yín.

Ọjọ́ kejì ni ìyá yẹn pè mí: "Mo ní ẹ fẹ́ sè mí, ó ti hó o!" Ìléròrò ni. Ẹ má bẹ́ ẹ, kódà bó bá kún fún ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ fi Vaseline pa á, kí oòrùn má kàn án. Èépá rẹ̀ máa bọ́ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Ọyún tàbí ibà ni kó mú yín tètè padà wá. Ìyá yẹn padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó gbé ìkòkò ọ̀gbọ̀nọ̀ dání fún wa.